Bàbá Ta Ilé Fọ́mọ Ẹ̀, Ta Ló Wà Níbẹ̀?

Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin bàbá lọ̀rọ̀ ilé bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí. Wọn ò tíì dá àga tí wọ́n háyà padà tán, ìkòkò ọbẹ̀ ṣì wà lẹ́yìnkùlé tẹ́nì kan ò tíì fọ̀ ọ́, làwọn ọmọ ti kóra jọ sí páálọ̀. Ọmọ àgbà ní kẹ́ni tó bá mọ ibi tí ìwé ilé wà kó mú un wá. Àbíkẹ́yìn wọn ló dìde. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé fáìlì kan jáde, ó fa bébà kan tí wọ́n ya nínú ìwé ọmọléèwé yọ, ó wá kúnlẹ̀ síwájú àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá ti ta ilé yìí fún mi láti ọdún 2019."

Háà! Ilé dà rú. Àǹtí tó ń tajà l'Óṣòdì ṣí gèlè lórí, ó ní irú èwo nìyẹn. Èyí tó jẹ́ tíṣà ní kí wọ́n gbé bébà náà wá kóun wò ó. Bọ̀dá àgbà ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo ọmọ náà bí ẹni pé kò rí i rí. Èyí tó wà ní Kánádà, tí wọ́n gbé fóònù kalẹ̀ fún lórí tábìlì kó lè máa bá wọn dá sí i, ló kọ́kọ́ pariwo olè. Ó ní, "Bàbá tó dùbúlẹ̀ àìsàn lo ki àtàǹpàkò bọ íńkì fún, ìwọ ọmọ yìí!"

Ẹ má béèrè orúkọ wọn, torí ọ̀rọ̀ náà ò yọ ilé ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nílùú yìí. Agége nilé náà wà, ládùúgbò téèyàn ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin látorí bẹ́ẹ̀dì. Lébìrà tó ń tún ojú irin ṣe ni bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún 1974 ló ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, tó ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, tó fi di ilé olójúlé 8 tó ní ṣọ́ọ̀bù 2 níwájú. Ìyàwó 2 ló fẹ́. Ìyáálé bí ọmọ 4, ìyàwó kékeré bí ẹyọ kan. Ìyàwó kékeré kú lọ́dún 2009, ìyáálé ló sì tọ́jú ọmọ náà dàgbà.

Nígbà táwọn ẹ̀gbọ́n ti kó lọ sílé ọkọ, sílé tiwọn àti sókè òkun, àbíkẹ́yìn yìí ló kù nílé. Òun ló pààrọ̀ páànù òrùlé nígbà tí òjò ń wọlé sórí bàbá. Òun ló gbẹ́ kànga. Òun ló ń gbé bàbá lọ sọ́sípítù nígbà tí ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há a. Lọ́dún 2017 ni bàbá pè é lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní owó ìfẹ̀yìntì òun ò ká oògùn mọ́, òun sì nílò owó gidi, òun fẹ́ ta ilé. Ejẹ́ǹtì kan ti wá wò ó, ó ní ẹni tó máa ra á ní mílíọ̀nù 25 náírà wà nílẹ̀, pé wọ́n máa wó o ni, wọ́n á fi kọ́ ilé alájà. Bàbá ní òun ò fẹ́ kí wọ́n wó ilé tóun fi òógùn kọ́ níṣojú òun. "Ìwọ mú mílíọ̀nù 10 wá, kí n máa gbé inú ẹ̀ títí n ó fi kú."

Ọmọ náà ò lówó ọ̀hún lọ́wọ́. Ó gba àjọ, ó yá owó ní kọpuretíìfù ibi iṣẹ́ ẹ̀, ó ta mọ́tò ẹ̀. Ìgbà 3 ló fi san án, ó sì parí ẹ̀ lọ́dún 2019. Mílíọ̀nù 7 àkọ́kọ́, owó ọwọ́ ni, ó dì í sínú báàgì gbé fún bàbá. Mílíọ̀nù 3 tó kẹ́yìn nìkan ló gba báǹkì kọjá. Nígbà tó san án tán, òun fúnra ẹ̀ jókòó, ó kọ ọ́ sínú bébà pé bàbá ti gba owó pé, bàbá tẹ àtàǹpàkò sí i, wọ́n sì fi síbi tí wọ́n ń tọ́jú nǹkan sí. Kò sí lọ́ọ̀yà níbẹ̀, kò sí ẹlẹ́rìí kankan, wọn ò sì pe ẹ̀gbọ́n kankan. Bàbá ní, "Jẹ́ kó wà láàrin àwa méjèèjì ná. Èmi ni màá sọ fún wọn." Lọ́dún 2023, bàbá kú. Kò sọ fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ o, kì í ṣe pé orí àwọn ẹ̀gbọ́n dàrú. Ilé tó tó mílíọ̀nù 25 lọ́dún 2017 ti di mílíọ̀nù 60 lọ́dún tí bàbá kú. Àbúrò wọn ní mílíọ̀nù 10 lòun san, bébà tó sì mú jáde, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi kọ ọ́. Bàbá ò mọ̀wé. Ta ló kà á fún un kó tó tẹ̀ka? Ta ló sọ fún un pé ilé ló ń tà, tí kì í ṣe ìwé àtigba owó ìfẹ̀yìntì ló ń tẹ̀? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ jókòó sórí àga yẹn, ṣé ẹ ò ní béèrè?

Lọ́wọ́ kejì, kí ni ọmọ náà ṣe tó burú? Bàbá ló fúnra ẹ̀ kọ́lé, kì í ṣe ilé tó jogún. Ẹni tó bá fi owó ara ẹ̀ kọ́lé lè tà á fún ẹni tó bá wù ú, iye tó bá wù ú, nígbà tó bá wà láàyè. Ó lè tà á fún àjèjì, ó lè tà á fún ọmọ ẹ̀, ó sì lè fi tọrẹ. Òfin ò ní kó gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọmọ kankan. Ohun tó yàtọ̀ ni ilé ẹbí. Bó bá jẹ́ pé bàbá bàbá wọn ló fi sílẹ̀, bàbá ò lè dá tà á. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìbá àwọn àgbà ẹbí tó kù sọ ọ́, àwọn yẹn lè lọ sí kọ́ọ̀tù kí wọ́n tú ọjà náà ká. Bí àwọn tó kù bá sì tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, ọjà náà ò ṣẹlẹ̀ rárá lójú òfin. Nítorí náà, kọ́mọ tó na owó sí bàbá ẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ló ni ilé yìí gan-an?

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ bá lọ́ọ̀yà kan. Ohun tí lọ́ọ̀yà yẹn sọ fún wọn pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́, torí ó dùn kan ẹni gbogbo, ó sì dun ẹni gbogbo.

Ó kọ́kọ́ kojú sí àbíkẹ́yìn. Ó ní bébà ẹ̀ ò lágbára tó. Kọ́ọ̀tù máa ń ṣàánú ẹni tó bá ti sanwó, tó gba risíìtì, tó sì ti wọnú ilé tó rà, kódà bí ìwé ẹ̀ ò bá tíì pé. Ṣùgbọ́n báwo lọmọ tí wọ́n bí sínú ilé ṣe máa fi hàn pé òun ti wọnú ẹ̀? Inú ẹ̀ ló ti wà kó tó ra á, inú ẹ̀ náà ló wà lẹ́yìn tó ra á tán. Bó bá jẹ́ àjèjì, gbogbo àdúgbò á ti rí ọjọ́ tó kó ẹrù dé. Tọmọ, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Lọ́ọ̀yà ní òfin kan sì wà tó ń dáàbò bo àwọn tí ò mọ̀wé: ẹni tó bá bá wọn kọ̀wé gbọ́dọ̀ kà á fún wọn kó sì túmọ̀ ẹ̀ kó tó di pé wọ́n tẹ̀ka, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara ẹ̀ sí i. Ọmọ yìí ò ṣe ìkankan.

Kò tán síbẹ̀. Látìgbà tí òfin ilẹ̀ ti jáde lọ́dún 1978, ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ ẹ̀ lórí irú ilẹ̀ báyìí fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìyẹn ò kan ẹni tó ti nílẹ̀ kí òfin tó dé, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ lọ́dún 1989 pé ó kàn wọ́n. Pé ọmọ ni ẹni tó ń rà á kò yọ ọ́ sílẹ̀.

Ló bá kojú sáwọn ẹ̀gbọ́n. Ó ní, "Ó dáa, ká sọ pé a ti tú ọjà náà ká. Báwo lẹ ṣe fẹ́ pín ilé?" Bọ̀dá àgbà ní ọmọ 5 ni wọ́n, ọ̀nà 5 ni. Lọ́ọ̀yà rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹjọ́ kan wà, Danmole àti Dawodu, nílùú Èkó níbí. Bàbá kan kú láìṣe ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n pín in lórí ò jorí, àwọn kan ní ìdí igi ni. Ẹjọ́ náà rìn títí dé London, níwájú ìgbìmọ̀ Privy Council, wọ́n sì dá a lọ́dún 1962 pé ìdí igi ni àṣà Yorùbá: ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà, kì í ṣe orí ọmọ. Àfi bí ìjà bá wà, tí olórí ẹbí sì rí i pé orí ò jorí ló máa bá wọn tán an.

Ẹ bá wọn ṣírò ẹ̀. Ìdí 2 ló wà nínú ilé yìí. Àbíkẹ́yìn nìkan ló wà ní ìdí ìyá ẹ̀. Nínú mílíọ̀nù 60, mílíọ̀nù 30 ni tiẹ̀, láìsan kọ́bọ̀. Àwọn 4 tó kù á pín mílíọ̀nù 30 láàrin ara wọn, mílíọ̀nù 7 àtààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kódà bí wọ́n bá ní orí ò jorí, mílíọ̀nù 12 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa rí, kí wọ́n tó yọ owó lọ́ọ̀yà àti gbogbo ọdún tí wọ́n máa fi wà ní kọ́ọ̀tù. Ọmọ tí wọ́n ń pè lólè yìí, ohun tí ìdajì ẹ̀ ì bá jẹ́ tiẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ló jẹ gbèsè lé lórí. Lọ́ọ̀yà ò gbàgbé láti fi kún un pé bàbá tó bá ṣègbéyàwó kọ́ọ̀tù, tàbí tó jẹ́ pé òfin Ṣàríà ni wọ́n máa fi pín ogún ẹ̀, ìṣirò tiẹ̀ lè yàtọ̀.

Wọ́n padà sílé, ẹnu wọn ò tíì kò síbẹ̀. Èyí tó wà ní Kánádà ní òun ò gbà, pé bó bá tiẹ̀ san mílíọ̀nù 10, owó náà dà? Ta ló rí i? Kí ni bàbá fi ṣe?

Ìyá wọn ló dáhùn. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìyá àgbà ò yanu. Ó jókòó sórí àga tó ń jókòó sí láti ọjọ́ yìí wá, ó ní, "Èmi ni mo ka owó náà." Gbogbo páálọ̀ dákẹ́ lọ gbári. Ó ní, "Ojú mi yìí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí mo fi ń rí i yín báyìí, ibẹ̀ lowó ẹ̀ ti jáde. Oògùn bàbá yín, ibẹ̀ ni. Ìwọ tó o wà lórí fóònù, tó o ń pariwo olè, ta lo rò pé ó fún ẹ ní mílíọ̀nù 4 lọ́jọ́ tó o ń lọ? Bàbá ẹ sọ fún ẹ pé òun ta ilẹ̀ kan nílé. Ilẹ̀ wo ni bàbá yín ní nílé? Owó àbúrò ẹ lo fi wọ bàálù."

Fóònù ò fọhùn mọ́. Wọ́n rò pé kò sí nẹ́tíwọ̀kì ni.

Bọ̀dá àgbà ní, "Màámi, ẹ mọ̀, ẹ ò wá sọ fún wa?" Ìyá ní, "Bàbá yín ní òun máa sọ. Ojú ń tì í. Kò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé owó ti tán lọ́wọ́ òun."

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Bí bàbá bá ta ilé mílíọ̀nù 25 fọ́mọ ní mílíọ̀nù 10, nǹkan 2 ló ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ta ọjà mílíọ̀nù 10, ó sì fún ọmọ náà ní ẹ̀bùn mílíọ̀nù 15. Ọjà yẹn ò lè dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀bùn inú ẹ̀ ló ń dá a sílẹ̀. Ẹ̀wù aláràbarà tí Jákọ́bù dá fún Jósẹ́fù, gbogbo èèyàn ló mọ ibi tó gbé ọmọ náà dé. Àwọn Mùsùlùmí náà mọ ìtàn bàbá tó fẹ́ fi Ànábì ṣe ẹlẹ́rìí ẹ̀bùn tó fún ọmọ kan ṣoṣo, tí Ànábì béèrè bóyá ó fún àwọn tó kù nírú ẹ̀, tó sì kọ̀ láti jẹ́rìí nígbà tó gbọ́ pé kò fún wọn. Kò burú kí bàbá dín owó fọ́mọ tó dúró tì í. Àmọ́ òun fúnra ẹ̀ ni kó sọ ọ́, kó sọ ìdí ẹ̀, kó sọ ọ́ létí gbogbo wọn, nígbà tí ẹnu ẹ̀ ṣì ń gbé ọ̀rọ̀. Bó bá ti kú tán, ẹni tó jẹ àǹfààní ló kù tó máa máa ṣàlàyé, ta ló sì máa gbà á gbọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilé lọ́wọ́ òbí yín, ẹ fetí sí i. Ẹ pe ẹni tó mọ iye ilé kó wá wò ó, kó kọ iye ẹ̀ sílẹ̀ ní déètì ọjọ́ yẹn, torí ọdún 6 sí i, iye ọjọ́ náà làwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n máa fi wọn yín. Ẹ jẹ́ kí bàbá ní lọ́ọ̀yà tiẹ̀, kẹ́yin náà ní tiyín. Lọ́ọ̀yà kan ò gbọ́dọ̀ jẹun lọ́wọ́ ẹni méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí gbogbo owó gba báǹkì kọjá, kódà bó jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kí ìwé náà sọ iye tí ilé tó, iye tẹ́ ẹ san, àti pé bàbá ló fọwọ́ ara ẹ̀ yọ̀ǹda ìyókù. Bí bàbá ò bá mọ̀wé, kí ẹni tí kò jẹ nínú ẹ̀ kà á fún un lédè Yorùbá. Ẹ pe àwọn ọmọ yòókù kí wọ́n fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Òfin ò ní dandan ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jẹ́rìí sí ọjà, ó máa nira fún un kó tó ní òun ò mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ gba àṣẹ gómìnà, kẹ́ ẹ san owó sítáǹpù, kẹ́ ẹ sì forúkọ ìwé náà sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má ta ilé tán kẹ́ ẹ wá di ayálégbé ọmọ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Kó wà nínú ìwé pé yàrá yín jẹ́ tiyín títí lọ́jọ́ ayé yín. Ọmọ lè dáa, kí ìyàwó ẹ̀ máà dáa. Ọmọ sì lè kú ṣáájú, kí ilé bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀.

Àwọn ará Agége wọ̀nyẹn ò lọ sí kọ́ọ̀tù. Wọ́n padà lọ bá lọ́ọ̀yà, ó kọ ìwé tuntun. Àwọn ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn mọ̀ pé bàbá ta ilé, owó sì pé. Àbíkẹ́yìn fọwọ́ sí i pé yàrá ìyá àgbà jẹ́ tiẹ̀ títí dọjọ́ ikú, pé owó ṣọ́ọ̀bù kan níwájú á máa lọ sọ́wọ́ ìyá lóṣooṣù, àti pé bóun bá fẹ́ ta ilé lọ́jọ́ kan, àwọn ẹ̀gbọ́n òun lòun máa kọ́kọ́ fi lọ̀. Bọ̀dá àgbà ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Àǹtí Óṣòdì sunkún kó tó fọwọ́ sí tiẹ̀, ó ní bàbá ì bá kàn pe àwọn, àwọn ò bá dá owó jọ fún un. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀.

Ti Kánádà fi ìbuwọ́lùwé tiẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́yìn oṣù 2. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan tì í. Ṣùgbọ́n lóṣù tó tẹ̀ lé e, owó kan wọ àkáǹtì àbúrò ẹ̀, kò pọ̀. Nígbà tí ọmọ náà pè é kó fi dúpẹ́, kò gbé e. Ó ṣì ń dúró de ọjọ́ tó máa gbé e.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.